Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́dọ̀ Dákẹ́

Orin ni Agnès fi ń jí. Kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè Ṣábẹ̀ẹ́, á ti fi ọwọ́ kan àpótí pẹlẹbẹ tó wà ní ìbàdí rẹ̀, á fi ọwọ́ kan okùn tó gba awọ ikùn rẹ̀ jáde, á wá gbé orin, ohùn rẹ̀ á máa yọ̀ bí epo:

Ilẹ̀ mọ́, mo ń mí,
Ilẹ̀ mọ́, mo ń mí o,
Ẹni tó ní n ò ní jí,
Kó jáde wá kí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, kò kọ ọ́ dé ìparí. Àpótí ìbàdí rẹ̀ ló dún, tíí, tíí, tíí. Olúwakẹ́mi ọmọ rẹ̀ fò dìde lórí ẹní. Ọmọ ogún ọdún ni, ṣùgbọ́n tí nǹkan yẹn bá ti dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbọ́ kí etí rẹ̀ tó gbọ́.

"Iná ti lọ, Màmá."

"Mo rí i. Gbé bátìrì wá."

Ẹ̀rọ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ Agnès kiri ara. Ọkàn tirẹ̀ ti rẹ̀, kò lè dá a ṣe mọ́. Lókè òkun ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré sí i lábẹ́ àyà, ó ń kùn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lóru, á so ara rẹ̀ mọ́ àpótí ńlá kan tó ń gba iná láti ara ògiri, àpótí yẹn kan náà á máa fún bátìrì ní iná mu. Lọ́sàn-án, á gbé bátìrì méjì kọ́ èjìká nínú àpò, á máa rìn kiri, á máa bá èèyàn ṣẹ̀fẹ̀. Bí bátìrì bá kú, ẹ̀rọ á kú. Bí ẹ̀rọ bá kú, gbogbo àdúgbò mọ ìyókù.

Bátìrì mẹ́rin ló ní. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òru àná ni iná ń ṣẹ́jú bí ojú arúgbó, méjì péré ló mu yó nínú wọn. Méjì yẹn ni Kẹ́mi fi sí i, ó yọ okùn kan, ó ki bátìrì kan, kó tó yọ èkejì. A kì í yọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èyí á gbé yín dé ìrọ̀lẹ́," ó wí. "Kò ní gbé yín dé alẹ́."

Ó jáde lọ wo ohun tó ṣe iná.

Iná ilé yẹn kì í ṣe tilé yẹn. Àpótí tó ń ka iná wà nílé Norbert ní òdìkejì ọ̀nà. Láti ibẹ̀ ni wáyà ti gba orí igi tín-ín-rín káàkiri bí òwú aláǹtakùn, tí gbogbo ilé tó yí i ká ń mu nínú rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọjọ́ tí inú Norbert bá dùn, ẹ óò rí ọbẹ̀ yín jẹ nínú ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá dùn, ẹ óò fi ọwọ́ wá ẹran nínú àwo.

Kẹ́mi padà wọlé. "Iná ò lọ o. Wọ́n tú wáyà wa ni. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ká a jọ dáadáa bí ejò."

Oyèníyì, ọkọ Agnès, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Àgbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré, ìbẹ̀rù rẹ̀ pọ̀. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó fa gúrúpù, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí wọ́n ń tọ́jú de irú ọjọ́ báyìí. Ó fà á, ó sín. Ó fà á, ó wúkọ́. Ó tún fà á, ó gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ojú Agnès là. Wọn ò tíì so àpótí mọ́ ọn tí Norbert fi dé, aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn, sálúbàtà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Kẹ́mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nǹkan yìí."

"Norbert, iná la fẹ́ fi..."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òkú wà nílé. Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa pé òkú àgbà kì í wà nílé kí odó dún, kí ẹ̀rọ dún. Ẹ̀rọ ìlọgbàdo ti dákẹ́. Rédíò ti dákẹ́. Tiyín nìkan ló ń pariwo bí ẹni ń bú òkú."

Òótọ́ ló sọ, àṣà àdúgbò ni. Bí wọ́n bá tẹ́ àgbàlagbà sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀, ọmọ odó á sùn, ẹ̀rọ á sùn, títí ilẹ̀ á fi gba òkú náà. Kò sẹ́ni tó kórìíra àṣà yìí. Alẹ́ kan ni òkú ń sùn nílé, ẹni tí kò bá gún iyán lálẹ́ kan á fi gààrí ti ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n Bàbá Àlàbí, olóògbé tí Norbert ń wí, ti wà nílẹ̀ láti ìjẹta tí wọ́n ti gbé e dé láti ilé ìtọ́jú òkú, ọ̀tunla ni wọn ó sì sin ín. Rodrigue, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ́bodè ní Kutọnu, ń dúró de àwọn ọ̀gá rẹ̀. Norbert ló fẹ́ àbíkẹ́yìn olóògbé. Àna rere ni.

Agnès jáde sí ẹnu ọ̀nà, àpò bátìrì léjìká.

"Norbert, ta ló tú wáyà wa?"

"Èmi ni, Ìyá Kẹ́mi. Ti gbogbo èèyàn ni mo tú. Ọ̀wọ̀ ni."

"Ṣé o mọ ohun tó wà láyà mi?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n." Norbert fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, bí ẹni tó ti rò ó dáadáa: "Ìyá Kẹ́mi, tara yín yẹn náà, ẹ ò kàn lè rọra pa á títí a ó fi sin Bàbá? Dé ọ̀tunla péré. Ẹ óò tún tàn án."

Adìẹ kan gba àárín wọn kọjá. Kẹ́mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó fi ọwọ́ di okùn ikùn rẹ̀ mú kí ẹ̀rín má baà fà á.

"Mo lè pa á, Norbert. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbẹ́ ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn agbẹ́lẹ̀ má baà padà wá."

"Ẹ má fi òkú ṣẹ̀fẹ̀."

"Òkú kọ́ ni mò ń fi ṣẹ̀fẹ̀."

Láàárín ìyẹn ni Oyèníyì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì pa gúrúpù. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ lójijì, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbọ́ bàtà Norbert títí ó fi kọjá sí òdìkejì.

Agnès wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Kẹ́mi, ta ló ní kẹ́ ẹ pa á?"

"À ń gbé láàárín èèyàn, Ìyá Kẹ́mi."

"Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn láàárín wọn ni?"

"Lọ́jọ́ tí mo bá kú, bí mo bá ti bá wọn jà nítorí òkú, ta ni yóò gbé mi?"

"Ọjọ́ tí ẹ máa kú lẹ ń rò. Ìrọ̀lẹ́ òní ni èmi ń rò."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọkùnrin náà lára. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó kún fún epo. Lẹ́yìn náà ló mú bátìrì méjì tí kò yó, ó fi aṣọ wé wọn, ó dè wọ́n mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. Ó ní àbúrò òun ní Kaboua ní àwo tó ń gba iná láti ara oòrùn, òun á lọ fún wọn ní iná mu níbẹ̀, òun á sì tètè dé. Kò dágbére. Ẹni tí ojú ń tì kì í dágbére pẹ́.

"Ó kọjá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní bá a jà," ni Kẹ́mi wí.

"Fi bàbá rẹ sílẹ̀. Ó lọ, kò jókòó."

Oòrùn gòkè. Agnès fọ abọ́, ó ṣa ẹ̀wà, ó kọrin lábẹ́ ìmí. Nígbà tó di ọ̀sán, Adjara aládùúgbò wọn wọlé, obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Ó gbé gààrí lọ́wọ́, pẹ̀lú wàrà sọ́jà, wàrà ẹ̀wà sóyà tí wọ́n dín, ata orí ọlọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Kẹ́mi, ẹ jẹun. Iṣu ń wò wá nílé, a ò lè gún un. Mo ti gbàgbé bí òkèlè ṣe rí."

"Jókòó, ìwọ alágbèéká ọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n ń sọ nípa mi?"

"Ta ló ní wọ́n ń sọ nǹkan?"

"Ìwọ ò ní gbé wàrà wá lásán."

Adjara jókòó. "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín ò lù lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n ní àná ni obìnrin kan di ọwọ́ yín mú níbi kànga, kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì rí oorun sùn lóru. Wọ́n ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀yin àti Bàbá Àlàbí ò ju pé ẹ̀yin ṣì ń jẹun."

"Kí wọ́n wá wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́." Agnès ki wàrà méjì bọnu lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

"Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ẹja tèmi ń rà nínú àpótí yìnyín, ojú mi ń wò ó. Láti àná ni wọ́n ti tú wáyà mi. Ẹja ti ń rùn débi pé ológbò ń fi imú ṣe yẹ̀yẹ́ mi."

"O ò sì sọ̀rọ̀?"

"Mo lọ bá wọn dáná nílé òkú láàárọ̀ yìí. Mo ní ẹ kú ọ̀fọ̀." Adjara fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ilé yẹn tutù, Ìyá Kẹ́mi. Mo wọ yàrá tí Bàbá wà, eyín mi ń lu ara wọn. Ẹ̀rọ amúlétutù ni Rodrigue gbé wá, wọ́n lu ògiri síbẹ̀. Ìyá àgbà, ìyàwó Bàbá, jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ewé."

Agnès dẹ́kun jíjẹ. "Ẹ̀rọ?"

"Wọ́n ní ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dún."

"Láti inú àpótí iná Norbert?"

"Láti ibo tún ni? Ìdí tí wọ́n ṣe tú tiwa nìyẹn. Tí gbogbo wa bá ń mu ún, iná á kéré, òkú á gbóná."

Eṣinṣin bà lé gààrí, kò sẹ́ni tó lé e. Òkú ń mu iná, alààyè ń mu gààrí.

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Oyèníyì ni, láti Kaboua. Òjò ti ṣú bo wọn níbẹ̀ látàárọ̀, oòrùn ò jáde, bátìrì kò mu tó ìkán. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní òun á dúró wò ó bóyá kùrukùru á ká. Agnès ní kó dúró, kó jẹun, kó má sáré lórí ọ̀nà ẹrẹ̀.

"Ẹ gbé àpótí lọ sí ilé ìwòsàn," Adjara wí. "Àbí àdúgbò kejì. Iná wà níbẹ̀."

"Mo lè lọ. Lọ́la ńkọ́? Ọ̀tunla ńkọ́? Ìgbà tí àgbà mìíràn bá tún kú ńkọ́? Kí n máa rìn káàkiri Ṣábẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń tọrọ èémí, nígbà tí òkú ń nà gbalaja sínú iná láàárín àdúgbò mi? Ilé ni mò ń gbé, Adjara. Mi ò kúrò nílé."

Bí ó ti sọ ọ́ tán ni àpótí ìbàdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ìró kan, ó sinmi, ìró kan. Bátìrì ti ń lọ sópin, kò tíì di ìrọ̀lẹ́.

Kẹ́mi dìde. "Màmá, gúrúpù. Kí n fà á. Kí wọ́n wá bá mi."

"Rárá. Tí o bá fà á, wọ́n á pa á, wọ́n á sì ní àwa la rúfin. Gbé àpótí ńlá yẹn karí."

"Níbo là ń lọ?"

"À ń lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀."

Kò wọ aṣọ dúdú. Ó ró ìró rẹ̀ tó ní òdòdó pupa, ó we gèlè, ó fi àtíkè pa ojú. Kẹ́mi ru àpótí, Adjara tẹ̀ lé wọn, ó ní òun ò lọ jà o, òun kàn fẹ́ wo bí ẹsẹ̀ wọn ṣe máa rìn. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, gbogbo ilé ló ń gbọ́ àpótí ìbàdí Agnès, àwọn obìnrin sì ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí wọn. Ó gbé orin mìíràn, kò sì gbé e nísàlẹ̀:

Ẹ̀rọ àyà mi, má dákẹ́,
Má dákẹ́ o, má dákẹ́,
Ẹni tó bá dákẹ́,
Tara rẹ̀ á bá a dákẹ́,
Ẹ̀rọ àyà mi, sọ̀rọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé kẹrin, ìyá arúgbó kan tó ń fẹ́ ẹ̀pà gbè é lẹ́ẹ̀kan, ó sì bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan gbọ́ ọ.

Norbert wà lẹ́nu ọ̀nà ilé òkú. "Ìyá Kẹ́mi, nǹkan yín ń dún."

"Ó ń kí Bàbá ni. Yà fún mi."

Ó yà. Bóyá ìró ara àpótí ló ń bà á lẹ́rù, bóyá ojú obìnrin náà ni.

Yàrá náà tutù lóòótọ́. Bàbá Àlàbí nà sórí ibùsùn nínú aṣọ funfun, ó mọ́, ó dára. Lókè rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ hùùù. Ìyàwó rẹ̀, ìyá àgbà, jókòó lórí ẹní, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí, ètè rẹ̀ ti funfun. Rodrigue dìde lórí àga, ó kí i bí ẹni ń kí àǹtí rẹ̀.

"Tàtá Agnès, ẹ ṣé tí ẹ wá."

Agnès kúnlẹ̀ níwájú òkú, ó kí i bó ti yẹ, ó pè é ní oríkì rẹ̀, ó ní kó sùn ire. Omi jáde lójú rẹ̀, nítorí èèyàn dáadáa ni Bàbá. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wo ara ògiri. Ihò iná kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà, okùn amúlétutù ló sì wà nínú rẹ̀.

"Kẹ́mi, sọ àpótí kalẹ̀ síhìn-ín."

"Tàtá, kí lẹ fẹ́ ṣe?" Rodrigue bi í.

"Mo fẹ́ mu iná."

Ó nawọ́, ó fa okùn náà yọ. Ẹ̀rọ tó wà lókè mí kanlẹ̀, ó sì dákẹ́. Kẹ́mi ti ki okùn tiwọn bọ ihò náà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó yọ bátìrì kan, ó fi okùn ara àpótí sípò rẹ̀. Ó yọ èkejì, ó fi òmíràn sípò rẹ̀, ó sì ki bátìrì méjèèjì bọ inú àpótí kí wọ́n mu iná. Ìró ìbàdí Agnès dá. Ó fẹ̀yìn ti ògiri tí wọ́n so ó mọ́, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, ó na ẹsẹ̀.

Rodrigue sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Tàtá, Bàbá ò lè wà nínú ooru. Ọ̀tunla ni àwọn ọ̀gá mi ń bọ̀."

"Bàbá ò ní ohun tó ń kánjú lé mọ́. Èmi ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó bàjẹ́ ni?"

"Èmi náà á bàjẹ́ tí mo bá kú, Rodrigue. Èmi ò sì ní àwọn ọ̀gá tó ń bọ̀."

Norbert ti wọlé. Ó wo okùn tó wà nílẹ̀, ó wo Rodrigue, ó ń dúró kí wọ́n rán òun. Rodrigue tẹ̀síwájú ní ìṣísẹ̀ kan. Kẹ́mi dìde, ó dúró síwájú ihò iná, apá rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fa okùn yẹn, gbogbo yàrá ló mọ ẹni tí wọ́n fà.

"Ẹ sin ín."

Ìyá àgbà ló sọ ọ́, láti abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

"Màmá..." ni Rodrigue wí.

"Mo ní kí ẹ sin ọkọ mi. Láti ìjẹta ni òtútù ti ń pa mí nínú ilé ara mi. Alẹ́ kan ni bàbá rẹ̀ sùn nílẹ̀, alẹ́ kan ni ìyá rẹ̀ sùn. Kí ló ṣẹ̀ tó fi ń sùn bí ẹja yìnyín?"

Lẹ́nu ọ̀nà, Adjara fi aṣọ di ẹnu.

"Àwọn ọ̀gá mi ńkọ́, Màmá? Wọ́n ti ń múra."

"Kí wọ́n wá kí sàréè. Ilẹ̀ ò ní sá."

Rodrigue dúró títí. Ooru ti ń wọlé, òógùn ti yọ níwájú orí rẹ̀, ó sì fi aṣọ inujú nu ún. Nígbà tó jáde, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó ń pe àwọn ọkùnrin, ó ń ní kí wọ́n lọ wo ihò sàréè, kí wọ́n pe kátíkísì ìjọ.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n gbé pósí dé. Yàrá náà kéré, pósí Kutọnu fẹ̀. Agnès ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kí wọ́n lè kọjá, ó sì fi ọwọ́ di okùn tirẹ̀ mú kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé Bàbá Àlàbí lókè orí rẹ̀. Ìyá àgbà tẹ̀ lé wọn, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún un.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Norbert tó yọjú. Eruku sàréè wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá Kẹ́mi, mo ti so wáyà yín padà. Ti Adjara náà. Iná ti dé ilé yín, ẹ lè máa lọ."

Agnès wo ojú àpótí. Iná bátìrì ṣì pupa, wọn ò tíì kún.

"Wáyà tí o so nírọ̀lẹ́, ṣebí ọwọ́ rẹ náà ló tú u láàárọ̀."

"Mi ò ní tú u mọ́."

"Mo gbọ́."

Ó dúró, ó ń retí pé yóò dìde. Kẹ́mi ká bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi ṣe ìrọ̀rí fún ìyá rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ wá máa lọ?" Norbert bi í.

"Ìgbà tó bá kún," Agnès wí, ó sì yí ojú sí ògiri.